Akíka Tí Kò Wọ Ìwé Ara Ògiri

Páálí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà lára ògiri kíláàsì wa nígbà tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira. Tíṣà wa ló fi ìṣó mẹ́rin kàn án mọ́ ògiri. Ó kọ àkọlé sí i lókè pé: Àwọn Ẹranko Ilẹ̀ Wa Tí A Fi Ojú Wa Rí. Bí mo bá ń ka oore tí Ọlọ́run ṣe fún mi láyé, ara páálí yẹn ni kíkà náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọkàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo bá dìde dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ilé-ìwé ìjọ ni, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Igbotako. Tíṣà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé ni. Ará òkè ni, kò mọ igbó wa, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ohun tí Ẹlẹ́dàá dá, ó sì fẹ́ kí àwa náà fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ní kí a dárúkọ ẹranko tí a ti rí. Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: erin! ẹkùn! kìnnìún!

"Kìnnìún?" ni tíṣà wí. "Níbo lo ti rí kìnnìún?"

"Nínú àwòrán Sọ́ńdè-sùkúù, sà. Ó jókòó ti wòlíì kan."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin.

Òfin náà kò dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a ṣe ń gbìyànjú láti rẹ́ ẹ jẹ ni òfin ń pọ̀ sí i. Ọmọ kan gbé awọ ẹtu wá láti ilé. Tíṣà ní awọ kì í ṣe ẹranko. Òmíràn mú un lọ wo ojú ẹsẹ̀ túùkú nínú ẹrẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló ń jẹ́ túùkú. Ẹnìkan ní òun gbọ́ igbe òfàfà lórí igi. Ó ní etí kì í ríran. Ẹran tó há sínú pàkúté kò kà, nítorí kì í ṣe ti igbó mọ́, ti ẹni tó dẹ pàkúté ni. Mo sì rántí ọmọkùnrin kan tó ní òun rí koríko tó ń mì létí oko, òun sì mọ̀ dájú pé òyà ló wà níbẹ̀.

"Koríko lo rí," ni tíṣà wí. "Bí a bá ṣe ìwé koríko, màá kọ orúkọ rẹ."

Èyí tó kẹ́yìn ni òfin ẹlẹ́rìí. Pásítọ̀ ti wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi kan lórí òfin àtijọ́ pé ẹlẹ́rìí kan kò tó, àfi bí wọ́n bá di méjì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ tíṣà wa. Láti ọjọ́ Ajé, kò sí ẹranko tó tún lè wọ páálí àfi kí ẹni méjì jọ rí i, kí wọ́n sì dìde dúró níwájú gbogbo kíláàsì láti sọ ọ́. A fẹ́ràn òfin yẹn, nítorí pé inú Bíbélì ló ti wá. Kò sí ẹni tó rántí pé kí a má baà fi ẹnu ẹnìkan ṣoṣo dá ẹlòmíràn lẹ́bi ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà. Àwa ń lò ó fún ọ̀kẹ́rẹ́.

Ọmọbìnrin méjì péré ló kù ní ìwé mẹ́fà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ ń dẹ pàkúté, ìyá rẹ̀ ń yan ẹran ìgbẹ́ tà. Mo ti rí i tí ó di ojú, tí ìyá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ẹran yíyan lé e lọ́wọ́, tí ó sì ń dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan: ti ẹtu nìyí, ti ọ̀bọ nìyí, èyí ti òkété ni. Kò ṣì wọ́n pè. Ó mọ ẹranko ju tíṣà lọ, ó sì mọ̀ wọ́n ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ, ṣùgbọ́n òkú ni gbogbo èyí tó mọ̀. Lára páálí, níbi tí tíṣà ti ń kọ orúkọ ẹni tó rí ẹranko síwájú rẹ̀, ẹranko mẹ́ta ni ó ní: alángbá, ọ̀kẹ́rẹ́ àti lékèélékèé. Èmi ní mọ́kànlá.

"Ìwọ," ni tíṣà máa ń wí fún un, "inú ọbẹ̀ lo ti pàdé gbogbo wọn."

Kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì gbé orí sókè dáadáa kí tíṣà lè rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó wà nílẹ̀ ju ẹranko lọ. Pásítọ̀ ti kéde pé ìjọ yóò rán ọmọbìnrin kan lọ sí ilé-ìwé mọ́dà, èyí tí à ń lọ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, ní Okitipupa, ọdún mẹ́ta gbáko, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Òun àti tíṣà ni yóò yan ọmọ náà. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé, tí ẹnu rẹ̀ sì ṣeé gbà gbọ́. Nínú ìṣirò, ọ̀rẹ́ mi ń fi mí sẹ́yìn láti ìwé kìíní. Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún mi nídìí ààrò pé, "Ẹnìkan ni wọ́n ń mú. Bí wọn ò bá mú ọ, ọkùnrin kan wà ní Iyansan tó ti bèèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ ò tíì dá a lóhùn."

Mo mọ ọkùnrin náà. Ó ti ní ìyàwó méjì, eyín iwájú rẹ̀ sì ti ká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, wọ́n rán èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ sí odò láti kó ẹ̀gẹ́ tí a ti rẹ sómi fún pupuru, oúnjẹ wa tí a máa ń mọ rìbìtì, tí a sì ń fi èéfín gbẹ. Ẹ̀gẹ́ náà ti rọ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo etí odò. A kó o sínú agbọ̀n, a sì ń bọ̀ nílé. Oòrùn ti yọ dáadáa. Níbi tí igi ọ̀pẹ kan ti wó dábùú ọ̀nà, ọ̀rẹ́ mi di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì fún un títí ó fi dùn mí.

Akíka ni. Ó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó wó náà, ó ká ọwọ́ mọ́ra bó ṣe ń rìn, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹlẹ̀, bí arúgbó tó ń wá nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpẹ́ rẹ̀ ń dán láti imú dé ìrù. Lórí ìdí ìrù yẹn ni ọmọ rẹ̀ wà. Ó dábùú, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ìpẹ́ tirẹ̀ sì funfun bí èékánná ọmọ tuntun. Bí ìyá bá gbé ẹsẹ̀, ọmọ á mì sọ́tùn-ún, á mì sósì. Wọn ò yára. Wọ́n gba iwájú wa kọjá, wọ́n wọ inú koríko. Koríko náà mì díẹ̀, ó sì dákẹ́.

"O rí i?" ni ọ̀rẹ́ mi wí.

"Mo rí i."

"O rí ọmọ?"

"Mo rí i. Lórí ìrù."

Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín láìjẹ́ kí ohùn jáde. "Gbogbo èyí tí bàbá mi ń mú wálé, ó ti ká bí òṣùká ni," ni ó wí. "N ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn. N ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́mọ." Lẹ́yìn náà ó ní, "Láàyè. Àwa méjì. Yóò kọ ọ́."

Ó sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé èṣù ló dédé ti àwọn. Èmi kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọ̀nà odò yẹn, láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ni mo ti mọ ohun tí màá sọ ní ọjọ́ Ajé. Mo tún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ọjọ́ méjèèjì. Mo kọrin.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀rẹ́ mi nawọ́ kí aago tó dákẹ́.

"Akíka, sà. Ó wà láàyè. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí ìrù."

"Sórí kí ni?"

"Ìrù, sà."

"Ṣé ó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?" ni ọmọkùnrin kan wí lẹ́yìn.

"Igbotako ló ń lọ!" ni òmíràn wí. "Ó ní kí dírẹ́bà já òun sílẹ̀ lọ́jà!"

Gbogbo kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Tíṣà pàápàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń yí padà. "Mo ti ka ìwé tó pọ̀," ni ó wí. "Kò sí ẹranko tó ń fi ìrù pọnmọ."

"Mo ní ẹlẹ́rìí, sà."

Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí mi. Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí n tó dìde.

"O rí akíka yìí?" ni tíṣà bi mí.

"Koríko ni mo rí, sà. Ó ń mì."

"Ẹranko ńkọ́?"

"Ẹ ní koríko kì í ṣe ẹranko, sà."

Inú tíṣà dùn. Mo rí i lójú rẹ̀ pé inú rẹ̀ dùn pé ọmọ kan wà tó di òfin òun mú. Ọ̀rẹ́ mi kò bínú. Ìyẹn ni mo ṣì ń rí. Ó tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó bi mí ní ohùn kékeré, pẹ̀lú èdè ilé wa, bí ẹni tó rò pé n kò gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa: ṣé n kò gbọ́ pé akíka ni wọ́n ń bèèrè? Mo ń wo ògiri.

Ẹgba mẹ́fà ni tíṣà nà án ní àtẹ́lẹwọ́. Ó ní kì í ṣe nítorí akíka, nítorí irọ́ ni. Láti ọjọ́ yẹn mo ti ka òfin ẹlẹ́rìí yẹn nínú Bíbélì mi ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n fi dá a lẹ́bi, ẹnu tèmi. Kò sí ẹni tó bèèrè ẹlẹ́rìí kejì lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni tíṣà mú bírò pupa. Ó fagi lé orúkọ ọ̀rẹ́ mi níwájú alángbá, ọ̀kẹ́rẹ́ àti lékèélékèé. Ó dúró, ó ronú, ó wá ní bí òpùrọ́ kò bá lè rí ẹranko, kò lè jẹ́rìí sí ti ẹlòmíràn náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fagi lé gbogbo ẹranko tí ọ̀rẹ́ mi ti bá ẹnikẹ́ni jẹ́rìí sí. Ó jẹ́rìí fún ọ̀pọ̀ ọmọ nítorí pé bí wọ́n bá ti bi í, kì í kọ̀. Àwọn ọmọkùnrin pàdánù àdán, wọ́n pàdánù ọ̀bọ. Èmi pàdánù méje nínú mọ́kànlá mi.

Nígbà ìsinmi wọ́n yí i ká. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ so ìrù mọ́ ọn nídìí, wọ́n ní kó máa rìn, kó máa pọnmọ. "Akíka, gbé mi! Akíka, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀!" Imọ̀ náà ga fún wọn láti já. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n já. Èmi ni mo já a fún wọn.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti rí ẹlẹ́rìí mìíràn fún ẹranko méje mi. Ẹ̀pà yíyan ni mo fi rí wọn. Àwọn ọmọ méjì tí kò sí níbẹ̀ rárá dìde dúró, wọ́n búra pé àwọn wà níbẹ̀, tíṣà sì tún kọ gbogbo rẹ̀ padà pẹ̀lú ìkọ̀wé dáradára.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá ọ̀rẹ́ mi wá sí ilé-ìwé pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Ọ̀rẹ́ mi ń tẹ̀ lé e. Ìyá náà kúnlẹ̀ fún ọmọdékùnrin yẹn tó jẹ́ tíṣà, ó sì ṣí agbọ̀n.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn wò ó. Bàbá rẹ̀ ò pa á. Ó ní kí ẹ rí i láàyè. Ọmọ wà lára rẹ̀, orí ìrù ló wà nígbà tí pàkúté mú un."

Tíṣà bẹjú wo inú agbọ̀n. "Màmá, ẹ dìde. Bọ́ọ̀lù ni mo rí yìí."

Lóòótọ́, bọ́ọ̀lù ni. Akíka náà ti ká mọ́ra, ó ti fi ìrù di gbogbo rẹ̀ pa, kò sí imú, kò sí ẹsẹ̀, kò sí ọmọ. Tíṣà ní òun kò fẹ́ ṣe ìrẹ́jẹ. Ó ní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹran pàkúté kò kà, kí ó rìn kí gbogbo wa rí i, kí ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí ìrù, òun á pa ìlà pupa òun rẹ́. Wọ́n yí i sílẹ̀ ní àárín pápá. Ó ní kí àwọn ọmọkùnrin ṣí i.

Wọ́n da omi sí i lára. Wọ́n ki igi bọ abẹ́ ìpẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbá a bí bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní tíṣà ló kúkú pè é bẹ́ẹ̀. Ó tún ká mọ́ra sí i. Ọ̀rẹ́ mi ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

"Ẹ fi í sílẹ̀, sà. Bí gbogbo wa bá kúrò níbẹ̀, yóò ṣí ara rẹ̀. Ó máa rìn, sà. Ẹ jẹ́ ká kúrò."

"Bí gbogbo wa bá kúrò," ni tíṣà wí, "ta ni yóò rí i?"

Kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí aago ọ̀sán lù ni akíka náà tú ara rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti kú. Ọmọ náà wà lára ikùn rẹ̀, kò tóbi ju ọwọ́ mi lọ, ó ṣì ń mí. Ó rá lọ sára ìyá rẹ̀ díẹ̀, ó ń wá nǹkan kan, a kò mọ ohun tó ń wá. Ọ̀rẹ́ mi mọ̀. Ó gbé e, ó fẹ́ gbé e sórí ìrù ìyá rẹ̀ tó ti kú, ṣùgbọ́n kò dì í mú mọ́.

"Lóòótọ́, ọmọ wà," ni tíṣà wí. "Ṣùgbọ́n ikùn la ti rí i, kì í ṣe orí ìrù. Òkú sì ni." Ó yíjú sí ìyá náà, ó bi í pé èló ni ẹran náà.

Ìyá náà sọ iye rẹ̀. Kí ni ì bá ṣe? Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Akíka náà wọ ìkòkò tíṣà, kò wọ ìwé rẹ̀.

Kí a tó gba ìsinmi ọlọ́dún, pásítọ̀ pè mí síwájú ìjọ. Ó ní ọmọ tí kò purọ́ nítorí ọ̀rẹ́ ni mí. Wọ́n gbàdúrà lé mi lórí. Ìyá mi sunkún. Ọkùnrin Iyansan kò sì pàdánù. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n fún un nígbà tó di ọdún kejì.

Ọlọ́run ṣeun fún mi. N kò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Mo ka mọ́dà parí, mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Nínú yàrá ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti ṣí ìwé kan lọ́jọ́ kan, tí mo rí fọ́tò akíka tó gbé ọmọ sórí ìrù, bí a ṣe rí i gan-an, àní bí ọmọ ṣe dábùú. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni ọpẹ́, pé ìwé náà kò tètè dé abúlé wa. N kò lè fi ìyẹn pamọ́ fún Ọlọ́run. Ó gbọ́ ọ kí n tó pa ẹnu mi dé.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n gbé mi lọ ṣiṣẹ́ tíṣà ní Òde-Ayé. Ní ọjà ibẹ̀, mo rí obìnrin kan tó jókòó ti pupuru rìbìtì rìbìtì, ó ń fi ọ̀bẹ ha èéfín dúdú kúrò lára wọn. Ọmọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Ẹ wá rà. Ti àná ni, ó gbẹ dáadáa."

Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. Mo ní kó má pè mí ní mà. Ó ní, "Ó tì o, tíṣà ni yín, mà."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń yan ọjà. Mo ní, "Mo rí i."

"Kí lẹ rí, mà?"

"Akíka. Lọ́nà odò. Òun àti ọmọ rẹ̀. Irọ́ ni mo pa, ìwọ lo sọ òtítọ́."

Ó ń ha pupuru lọ. Mo rò pé yóò bú mi; mo ti gbàdúrà kó bú mi. Ó ní, "Ẹ mọ̀, mà, mo rò ó títí nígbà yẹn. Bí mo bá fẹ́ sùn, màá rò ó. Nígbà tó yá, mo rí i pé koríko ni."

"Kì í ṣe koríko. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú ìwé. Mo ti rí i."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, mà. Bí ẹ bá ní ẹ rí i, ẹ rí i. Èmi ò rí nǹkan kan."

"O di ọrùn ọwọ́ mi mú. O bi mí bóyá mo rí ọmọ."

"Èmi kọ́ o, mà." Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín ọlọ́jà sí oníbàárà. "Ẹ má bínú. Mélòó ni kí n dì?"

Mo ní méjì. Ó dì í sínú ewé. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́ mi, mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀sín, kò sí ẹ̀sín níbẹ̀. Ó ti gbà wá gbọ́, èmi àti tíṣà. Nínú àwa méjì tó rí ẹranko yẹn, èmi nìkan ló kù.

Ó mú pupuru kékeré kan sí i, ó fi lé e lórí. "Ènì tiyín nìyẹn, mà," ni ó wí. "Nítorí pé tíṣà ni yín."

Mo gbà á. Mo ní ẹ ṣeun. Mo sì gbé e lọ sílé, mo gún un, mo sì jẹ ẹ́.